Ẹ̀fọ́ Àkùrọ̀ àti Oògùn Kòkòrò

Nínú ohun gbogbo tí àgbẹ̀ ń gbìn, ara ẹ̀fọ́ ni oògùn apakòkòrò ti ń yá dé ẹnu ènìyàn jùlọ. Iṣu ní èèpo, ó sì fara pamọ́ sínú ilẹ̀. Àgbàdo wọ aṣọ lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n ewé tí oògùn bà lé náà gan-an ni a ń já, tí a ń rẹ́, tí a sì ń sè. Ọjọ́ rẹ̀ lóko kò sì pọ̀: tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n irúgbìn rẹ̀ lónìí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni a ó fà á tu. Bí ìwé ara ìgò oògùn bá wí pé kí a dúró fún ọjọ́ 7 tàbí 14 kí a tó kórè, níbo ni àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ yóò ti rí ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ohun àjèjì létí odò pé kí a fín oògùn ní ìrọ̀lẹ́, kí alárobọ̀ sì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ̀ láti gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀ ju bí òfin wọn ti gbà lọ. Paraquat tí a fi ń pa koríko, àjọ NAFDAC fi òfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bá àgbẹ̀ lọ sí àkùrọ̀.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi gbogbo ru àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí a ti ń ta ẹ̀fọ́ yóò mọ̀ pé ẹ̀bi náà pín. Ebè ni alárobọ̀ ń rà, kì í ṣe ìdì. Ó ń rìn láàárín ebè, ó ń wo ewé, èyí tí ihò bá wà lára rẹ̀ ó fò ó kọjá. Òun náà mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí ìyàwó ilé yóò yí ewé náà padà lọ́jà, yóò sì sọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni ewé tí kòkòrò kọ̀ ṣe di ewé tí ènìyàn ń fi owó púpọ̀ rà. (Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ihò nìkan ni ẹ̀rí, a lè fín oògùn sí ewé tí ó ti lu tẹ́lẹ̀.)

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ yí ọwọ́ padà, ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ìgbẹ́ adìyẹ ń fún ẹ̀fọ́ lágbára, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò, ó sì ń gbé àrùn sórí ewé tí a ó jẹ. Kí a kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ, kí a wọ́n omi sí i, kí a máa yí i títí ooru inú rẹ̀ yóò fi lọ, tí òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ilẹ̀ igbó. Kí a má sì gbin ewédú lé ewédú lórí ebè kan náà, nítorí aran kéékèèké inú ilẹ̀ tí ń sọ gbòǹgbò di kókó yóò máa pọ̀ sí i.

Ní ti kòkòrò ajewé, èso dóńgóyárò kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ìdajì kílò kóró inú rẹ̀ tí a gún, tí a rẹ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, tí a sẹ́, tí a fi ọṣẹ díẹ̀ sí, ni a ń fín ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Níbí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n padà dé ní òwúrọ̀, wọ́n rí kòkòrò láàyè, wọ́n sì pe oògùn náà ní irọ́. Dóńgóyárò kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni ó ń kọ̀, kò sì lè bọ́ awọ rẹ̀ dàgbà. Bí òjò bá fọ̀ ọ́, a ó tún un fín. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gba gbogbo ohun tí ó ti ara ewéko wá ní aláìléwu: omi tábà jẹ́ májèlé fún ènìyàn, ó sì lè gbé àrùn wọ inú tòmátì àti ata.

Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ọmọ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ oko Songhai ní ọdún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Níbẹ̀, ìdọ̀tí ẹ̀ka kan ni oúnjẹ ẹ̀ka mìíràn: a ń sin ìdin fún ẹja, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìyókù sì di ajílẹ̀ fún ọ̀gbìn. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, nígbà náà. Ṣùgbọ́n Songhai ní adìyẹ, ó ní ẹja, ó ní ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ẹni tí ó ní ebè mẹ́wàá létí odò tí kò sì ní adìyẹ kan, rírà ni yóò ra ìgbẹ́ adìyẹ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì máa ṣa kòkòrò lábẹ́ ewé. Bí òun nìkan bá ru àdánù náà, kò ní pẹ́ kí ó padà sídìí ìgò.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ dá sí ọ̀ràn náà. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan lè bá àgbẹ̀ kan tí wọ́n mọ̀ ṣe àdéhùn: kí wọ́n ra ebè mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ wò ó nígbà tí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì gba ewé tí ihò díẹ̀ wà lára rẹ̀ ní iye tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ebè mẹ́ta tó fún ọdún àkọ́kọ́.

Èso dóńgóyárò tí ó bá pọ́n tí ó sì jábọ́, kí a má ṣe gbá a dà sínú iná mọ́ bí a ti ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá. Kí a fọ ara èso náà kúrò, kí a sá kóró rẹ̀ sí abẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ dáradára, kí a sì fi í sínú àpò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ àkùrọ̀ bẹ̀rẹ̀.