Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì ní Abùjá lórí Owó Ìwádìí

Àwa olùkọ́ yunifásítì tí a pé jọ sí Abùjá lọ́sẹ̀ yìí jíròrò lórí owó ìwádìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohùn wa ṣọ̀kan: àwọn olùkọ́ wa ní ọgbọ́n, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kí a wádìí, alátìlẹ́yìn ni wọn kò ní.

Àjọ TETFund, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama níbí, ló ń fi owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ní 1992 wà lára ohun tó bí owó orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 7.5 náírà fún ìwádìí lábẹ́ àjọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ àlàyé ṣókí; bí wọ́n bá tẹ́wọ́ gbà á, yóò kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àbá, yóò ṣírò owó rẹ̀, yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà wa, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń dá a ṣe lóru, lẹ́yìn tó ti kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tó sì ti máàkì ìwé ìdánwò.

A mọ èso tó ń so bí ilé-ẹ̀kọ́ bá dúró ti ìwádìí. Ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn tí a mọ̀ sí ACEGID ní Redeemer's University, Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi darí, jàǹfààní owó Báńkì Àgbáyé. Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní 2020, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n lò tí wọ́n fi ka àbùdá kòkòrò náà. Ìdùnnú ńlá ni fún wa.

Owó tó wọlé tán pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo owó àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo ní 2015, owó ìwádìí tó ti òkè òkun wá há síbẹ̀, a sì pariwo. Títí di òní, ní àwọn ọgbà kan, ẹni tó fẹ́ ra kẹ́míkà fún ìwádìí lè dúró de ìbọwọ́lùwé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àánú olùkọ́ tó ń dúró bẹ́ẹ̀ ń ṣe wá. Owó òkè òkun náà sì ti ń fà sẹ́yìn: Amẹ́ríkà ti àjọ ìrànwọ́ rẹ̀, USAID, pa ní 2025.

Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì ìwádìí tó ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́: ẹni tí yóò máa wá ibi tí owó wà, ẹni tí yóò ka àbá kó tó jáde, àti akáǹtì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju owó ìwádìí lọ. Kí wọ́n dín kíláàsì kù fún ẹni tó ń kọ àbá ńlá. Kí wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ní owó ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń fún ẹni tí kò ní àbájáde kankan lówó.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ṣí àbá yín sílẹ̀ fún àwọn àbúrò yín kí wọ́n kà. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà yunifásítì, ẹ má dúró de ìwé àṣẹ kankan; ẹ gba àwọn òṣìṣẹ́ yìí sẹ́nu iṣẹ́ kí TETFund tó tún kéde owó.