Kí Ẹ Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Yín fún Oníṣẹ́



Láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ìmọ̀ràn kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòtún: "Ẹ kó fáìlì yín sórí fúláàṣì, kí á nu gbogbo rẹ̀ nù, kí á gbé Windows 11 sí i." Mo ta ko ìmọ̀ràn yìí. Fún ẹni tí ó ń kọ Yorùbá, àbọ̀ iṣẹ́ ni.

Kí Unicode tó gbilẹ̀, ọgbọ́n àdábọwọ́ ni a fi ń tẹ àmì ohùn. Ẹni tí ó ṣe fọ́ńtì a yọ àwòrán àmì àjèjì kan kúrò, a fi "ọ́" rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà àmì àjèjì náà ni fáìlì gbà sílẹ̀. Fọ́ńtì ni ó ń fi "ọ́" hàn wá. Fọ́ńtì kò sì sí láàrin àwọn ìwé wa, inú Windows ni ó ń gbé. Bí oníṣẹ́ bá nu Windows nù, ó bá a lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2016. Oríkì ìdílé wa tí mo gbà lẹ́nu ìyá bàbá mi, tí mo sì tẹ̀ ní 2004, di wúruwùru. Oníṣẹ́ ní fáìlì kan kò sọnù. Òótọ́ ni ó sọ! Àmì tí ó bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, mo tú u. Èyí tí ó jẹ́ pé inú orúkọ àtijọ́ nìkan ni ó wà, n kò rí i tú. Ìyá àgbà ti sùn, ta ni n ó bi?

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́ Yorùbá, kí á kúkú máa kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Irọ́ ni. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àmì ohùn náà sì ní tirẹ̀ tí a ń gbé lé wọn lórí. Àwọn mìíràn á ní bí a kò bá nu nǹkan kan nù, fọ́ńtì kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ kò sì ní in. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni ẹ ó rà, fọ́ńtì á sì kù sínú ti àná.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àwọn ìwé àtijọ́ yín, ẹ wo orúkọ fọ́ńtì wọn, ẹ da fọ́ńtì náà kọ sórí fúláàṣì, ẹ sì sọ ìwé kọ̀ọ̀kan di PDF. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún un tẹ̀ ní Unicode, nígbà tí ó ṣì ṣeé kà.

Kọ̀ǹpútà bàbá mi ni ó kàn báyìí. Mẹ́rìnlá nínú àwọn ìwé òwe tí wọ́n tẹ̀ ni ó ṣì kù fún mi láti tún tẹ̀. Oníṣẹ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó máa dúró.