Ẹ Má Fi Ayé Àtijọ́ Bojú

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sọ pé "láti ayébáyé, obìnrin kì í jogún ilẹ̀," ayé ibo? Ní Íjíbítì àtijọ́, obìnrin ń ní ilẹ̀, ó ń tà á, ó sì ń pe ẹjọ́ fúnra ẹ̀. Ní Áténì ilẹ̀ Gíríìkì, bí bàbá bá kú láìbí ọkùnrin, ìbátan ẹ̀ ló ń fẹ́ ọmọbìnrin náà, kí ogún má bàa jáde. Èwo nínú méjèèjì ni "ayébáyé"?

Ní Kétu, à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi tu àwọn ìyá lójú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a lé ọmọbìnrin wọn kúrò lóko bàbá ẹ̀! Òfin ìdílé 2004 orílẹ̀-èdè wa ní kí tọkùnrin tobìnrin jogún dọ́gba. Ojúkòkòrò lojúkòkòrò ń jẹ́. Ẹ má pè é ní àṣà mọ́.