Ta Ni Yóò Ya Igbá Wa?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tò sórí ìlà ọkọ̀ BRT ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ìlà gùn, oòrùn sì mú. Mo ń wo àwòrán lórí fóònù mi kí àkókò lè tètè lọ, ni ojú mi bá bà lé àpótí ìyàwó kan tí a fi ọ̀dà olómi yà.

Àwọn ọmọ Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló máa ń ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kun òdòdó àti ẹyẹ sí i lára, ọmọbìnrin á sì máa kó aṣọ pamọ́ sínú rẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó. Ohun tó wú mi lórí ni pé ayàwòrán náà kò sọ ọ́ di tuntun: ibi tí ọ̀dà ti ṣí, ó yà á bẹ́ẹ̀.

Láàárín 1935 sí 1942, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́ láti ya irú ohun èlò ilé wọ̀nyí. Àkójọ náà, Index of American Design, wà ní National Gallery of Art ní Washington lónìí. Àwòrán inú rẹ̀ lé ní 18,000.

Nígbà tí mo wọ ọkọ̀, igbá fínfín ìyá àgbà mi ló gba ọkàn mi. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ ni wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tó yá, gààrí la fi ń bù. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ adìyẹ. Ọmọrí rẹ̀ fọ́, a sì dà á nù nígbà tí à ń kó kúrò nílé. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn àgbà ní onígbá níí pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàràgbá kí a tó bá a fi kólẹ̀. Àwa gan-an la kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ igbá náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ra ọ̀dà olómi, mo sì jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé fún wákàtí mẹ́ta. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé alángbá ni ohun tí mo ti ń pè ní ewé láti kékeré.

Mo fi àwòrán náà han ìyá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "O ò ya ibi tí ìyá mi fi okùn rán."

Mo tún búrọ́ọ̀ṣì rì sómi, mo sì ya ojú rírán náà sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ló wà ní kọ̀rọ̀ ilé tiyín? Ẹ gbé e síta, ẹ yà á, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ ń gbọ̀n.