Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pe Ìpàdé Tẹ́ẹ̀kì: Ìgbéyàwó Ta Ni À Ń Ṣe?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣètò ìpàdé ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ìdàgbàsókè ara ẹni ní Yábà, ní Ìkẹjà, ní Lẹ́kkí, títí dé Bódìjà n'Íbàdàn,

Mo mọ̀ pé gbọ̀ngàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo mọ iye tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ṣèlérí owó a máa pa fóònù rẹ̀ nígbà tí ìpàdé bá ku ọ̀la. Ohun tí mo fẹ́ sọ yóò korò díẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé mi ò rí làálàá yín.

Sátidé kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló wà nínú ìwé ìpè. Mo wọkọ̀ n'Íbàdàn ní aago mẹ́fà, mo sì dé Yábà kí mẹ́wàá tó lù. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kún fọ́ọ̀mù: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ibi tí mo ti gbọ́ nípa ìpàdé. Nígbà tí mo wọlé, àwọn tó ń so bánà ṣì wà lórí àkàsọ̀. Ní mọ́kànlá, wọ́n ń dán máìkì wò. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó gbówó kalẹ̀ ni a sì kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Olùdarí ètò (ẹ jẹ́ n pè é ní alága ìdúró, torí iṣẹ́ tó ṣe gan-an nìyẹn) ní kí kálukú yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sọ fún un pé òun ni ọ̀la ilẹ̀ Áfíríkà. Mo yíjú sí ẹnì kejì mi, òun náà yíjú sí mi. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni, èmi sì ti lé ní àádọ́ta. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kọ́ wa bí òun ṣe ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, bí òun ṣe yí èrò ọkàn òun padà, tí ilẹ̀kùn sì ń ṣí. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ní Dubai hàn wá. Ẹnì kejì ló sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI tí gbogbo yín ń pariwo, síláìdì lórí síláìdì. Nígbà tí wọ́n ní kí á béèrè ìbéèrè, obìnrin aránṣọ kan láti Múṣin gba máìkì. Yorùbá ló sọ. Ó ní ìwé mẹ́ta ni òun ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà òun sí, òjò ti wọ ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ sì ti pa rẹ́. Ní báyìí, àwọn èèyàn ń bínú pé òun tún ń wọ̀n wọ́n. Ǹjẹ́ AI tí wọ́n ń wí yìí lè bá òun tọ́jú àyà àti ìbàdí àwọn èèyàn?

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lórí pèpéle náà rẹ́rìn-ín. Ó fi òyìnbó dá a lóhùn pé ìbéèrè tó dára ni, pé ọgbọ́n àtọwọ́dá máa yí iṣẹ́ aṣọ padà káríayé, pé kó wá rí òun lẹ́yìn ìpàdé. Kí ìpàdé tó tú, mọ́tò ti gbé ọ̀gbẹ́ni lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń pín omi ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí wọ́n kó kúlà sí, ó gba fóònù obìnrin yìí, ó ṣí Google Sheets, ó kọ orúkọ, àyà, ìbàdí, èjìká àti gígùn apá sókè ìlà, ó ní kí màmá fúnra rẹ̀ tẹ ti oníbàárà mẹ́ta síbẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe wá orúkọ jáde. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò sí AI kankan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò wọn. Lójú tèmi, ìpàdé kan ṣoṣo tó wáyé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀sùn tí mo kọ́kọ́ fi ń kàn yín nìyí: ẹ ti sọ ìpàdé di òde ìnáwó. Tíṣẹ́ẹ̀tì ti di aṣọ ẹbí, ẹni tí kò bá rí gbà á máa rìn bí àtọ̀húnrìnwá. Ife àti àpò tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí ti di ẹ̀bùn ìrántí. Àga iwájú wà fún àwọn àlejò pàtàkì, páfù-páfù àti samósà ń lọ yíká, ayàwòrán ń dọ̀bálẹ̀ nítorí àwọn olókìkí, ìkíni sì ń gba wákàtí kan. Yorùbá ni mí o, mi ò kórìíra àríyá. Ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó, ó kéré tán, ẹni méjì a máa bá ara wọn lọ sílé. Níbi ìpàdé yín, ọ̀gọ́rọ̀ èèyàn ló ń dá wá, ọ̀gọ́rọ̀ èèyàn náà ló ń dá lọ.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún ìpàdé tó ní láárí. Àáró ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ á jọ kọbè lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Olóko á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ṣẹ̀fẹ̀, orin kì í wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ bí oòrùn bá wọ̀, ebè ni ẹ ó kà. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu lásán jẹ àáró, nítorí ẹni tí kò bá mú ọkọ́ wá kò lè retí pé kí wọ́n mú ọkọ́ wá sóko tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní Yábà, a ti ro ẹ̀fọ́ títí, a ò tíì rí ìkòkò lórí iná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fi Silicon Valley ṣàpẹẹrẹ, ẹ ò sọ bí ìpàdé ibẹ̀ ṣe rí fún wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1975, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn kóra jọ sínú gáréèjì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gordon French ní Menlo Park, ní Kalifọ́níà. Kọ̀ǹpútà kan, Altair 8800, ló wà láàárín wọn. Homebrew Computer Club ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i, Lee Felsenstein tó ń darí ìjókòó pín alẹ́ sọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá ní nǹkan tàbí tó ń wá nǹkan á na ọwọ́, á sọ ọ́ ní ṣókí, ìbáà ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ìmọ̀, ìbáà ṣe àhesọ tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú ìjókòó ká, kí kálukú lọ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Níbẹ̀ ni Steve Wozniak ti ń gbé kọ̀ǹpútà tó wá di Apple I kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń pín àwòrán bí wọ́n ṣe tò ó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni yíjú sí i, kó sọ fún un pé òun ni ọ̀la ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá sì ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ wá sí Òṣogbo. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ onítíátà sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibùdó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, àmọ́ ará Òṣogbo kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi di ti wa: m̀bá rí i, m̀bá yọ̀. Eré orí ìtàgé wáyé níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó kàn ń kọjá lọ náà tún ń wọlé gba búrọ́ọ̀ṣì. Oníjó lẹ́yìn olóògùn tó ń kiri ni Twins Seven-Seven nígbà tó yà síbẹ̀ ní 1964. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí oníṣẹ́ ọnà Georgina Beier ń ṣe lọ́dún náà ni òun, Mùráínà Oyèlámì àti Jímọ̀h Bùráímọ̀h wà, lónìí iṣẹ́ wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fi síláìdì sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọnà máa yí ayé padà. Ọ̀dà ni wọ́n gbé fún wọn.

Yábà náà ò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nígbà tí CcHub, ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ, ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ní 2011, àga, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ń torí ẹ̀ lọ, torí ìwọ̀nyí gan-an ni kò sí nílé. Ẹ jókòó ti ara yín, ẹ sì ń wo ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg yọ síbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, gbogbo ayé sì rí fọ́tò náà. Mo lè ṣì í wí, àmọ́ lójú tèmi, àtìgbà yẹn ni fọ́tò ti ń jọba. Ohun tó mú kí ọkùnrin yẹn wá ni pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Àwa wá gbàgbé iṣẹ́, a gbá fọ́tò mú.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ ò nílò kí n sọ fún yín ohun tí ọkọ̀ ń gbà. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ tún gbà kí owó ìpè àti dátà gbé sókè, ó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó ti Ìkòròdú wá ti na owó oúnjẹ kó tó gbọ́ gbólóhùn kan. Ẹ fi ìdúró gba ìdajì ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí ẹ túká, ni ẹnì kan gbé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jáde fún títà, owó rẹ̀ yóò sì wọ́n sí i bí a bá kúrò nínú gbọ̀ngàn láìsan án. Ìpàdé yẹn kọ́, ọjà ni, àwa tí a wá gan-an sì ni ẹ pàtẹ. Nọ́ńbà tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ti di ti àwọn apolówó: láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń kí mi ní káàárọ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo ti ṣetán láti di olówó.

Ọ̀rọ̀ èdè ló dùn mí jù. Níbi ìpàdé yín, Yorùbá wà fún ẹ̀fẹ̀ àti ìkíni, òyìnbó wà fún ọgbọ́n. Ohun tó pa gbọ̀ngàn lẹ́rìn-ín nígbà tí aránṣọ yẹn sọ̀rọ̀ ni èdè tó fi sọ ọ́. Ẹ ń kígbe pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn kò tíì gbọ́ Yorùbá bó ṣe yẹ. Fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ lo wí tàbí ọkọ́. Ta ni yóò kọ́ ọ? Láti 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń jẹ́ Masakhane ti ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí gbọ̀ngàn. Ní 2021, wọ́n gbé MasakhaNER jáde, àkójọ gbólóhùn láti inú ìròyìn ní èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fọwọ́ sàmì sí orúkọ èèyàn, ibùdó, àjọ àti ọjọ́, kí ẹ̀rọ lè kọ́ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Iṣẹ́ tí ń kánni lọ́rùn ni. Àáró sì ni. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ka gbólóhùn Yorùbá sínú àkójọ ohùn Common Voice ti Mozilla. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá fi wákàtí kan kà á nínú gbọ̀ngàn yín, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú, ohùn Èkìtì, ohùn Ọ̀yọ́, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́rọ̀ yóò rí nǹkan gidi mú ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára ju ká tún gbọ́ ìtàn aago mẹ́rin ìdájí lọ.

Mo mọ èsì yín: àwọn tó ń gbówó kalẹ̀ fẹ́ rí èrò, wọ́n fẹ́ rí fọ́tò. Òótọ́ ni. Ẹ fún wọn ní fọ́tò, fọ́tò kì í gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ; iṣẹ́ ni kí ẹ fi ìyókù ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá CcHub sílẹ̀, Dókítà Bọ́sún Tìjání, di mínísítà ní 2023, ó sì gbé ètò kan kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ. Iye yẹn kò ṣeé fi máìkì kọ́. Ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kan ni, bíi ti ọmọkùnrin tó ń pín omi.

Sátidé tó ń bọ̀, ẹ dín àwọn tó máa sọ̀rọ̀ kù sí ẹyọ kan. Ẹ tẹ́ tábìlì dípò àga. Ẹ jẹ́ kí wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó bá ní nǹkan àti ẹni tó ń wá nǹkan, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní aago tí ẹ dá. Ẹ fi ọmọ tó ń pín omi sí ìdí tábìlì, kí ẹlòmíì pín omi.

Nígbà tí à ń wá ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, aránṣọ náà sọ fún mi pé òun ò ní wá mọ́, pé ibẹ̀ kì í ṣe ti irú òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ní kó kún lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n yín láti Ìbàdàn.