Ẹ̀dá-ìtàn Tí Kò Pé Ni Mo Yàn Láàyò

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ mi bá jókòó yí tábìlì ká láti ṣe eré ìtàn àjùmọ̀sọ. Ẹnì kan nínú wa ni apàlọ́; àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Apàlọ́ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, oníkálukú ń sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ yóò ṣe. Bí kò bá dájú pé yóò ṣeé ṣe, nọ́ńbà ni yóò pinnu.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìwé eré méjì ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kan ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1974. Ní ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀, dáìsì mẹ́ta, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ni a ó dà lẹ́ẹ̀mẹfà, láti mọ ìwọ̀n agbára, làákàyè, ọgbọ́n, ìfaradà, ìjáfáfá àti ìfanimọ́ra ẹ̀dá náà. Kò sí èyí tó lè dín ní 3 tàbí kí ó ju 18 lọ. Èkejì ni GURPS, tí Steve Jackson gbé jáde ní 1986. Níbẹ̀, ààmì ni a fi ń ra ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gba àléébù mọ́ ẹ̀dá rẹ̀ yóò rí ààmì kún ti ọwọ́ rẹ̀, yóò sì fi ra agbára.

Ìlànà rírà yìí wu àwọn ọmọ mi ọkùnrin. Àbúrò wọn obìnrin, tó máa ń kólòlò, rí i nínú ìwé náà pé kíkólòlò wà lára àwọn àléébù tí a ń gba ààmì lé lórí. Ó wò mí lójú, ó ní: “Bàbá, ààmì mélòó ni wọ́n wá san fún èmi?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yan ìlànà àkọ́kọ́ láàyò. Ẹni tó ra àléébù ti gba owó rẹ̀; ẹni tí a bí i mọ́ kò gba kọ́bọ̀. Nínú ìlànà ti 1974, ohun tó bá bọ́ síni lọ́wọ́ ni a ó mú rìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nílé ayé.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí dáìsì wọ ilé yín, ìyẹn kò dí eré lọ́wọ́. Ní 1979 tí dáìsì ṣọ̀wọ́n, páálí kéékèèké onínọ́ńbà ni àwọn tó ń ta Dungeons & Dragons fi rọ́pò rẹ̀. Nílé tiwa, a kọ 1 títí dé 6 sára bébà mẹ́fà, a dà wọ́n sínú abọ́. A ó fa ọ̀kan, a ó dá a padà, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Kò sí owó nídìí rẹ̀, kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Ẹ̀dá tó bọ́ sí ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ ní ọgbọ́n 16, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju 5 lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó tún un fà, ó kọ̀. Ìyá arúgbó alágbo ni ó fi ṣe. Nígbà tí ẹ̀dá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣìnà nínú ihò abẹ́ àpáta, tí idà wọn kò wúlò mọ́, ìyá yìí ló fetí sílẹ̀, tó gbọ́ ìró omi, tó sì darí wọn jáde. Ọmọbìnrin mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn náà fẹ́ jáde.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ dán eré yìí wò ní àsìkò ìsinmi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ da ẹ̀dá tí kò lágbára nù. Ẹ bi í pé: kí ni ẹ̀dá yìí lè ṣe tí àwọn yòókù kò lè ṣe? Láti inú èsì rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.