Àìkọ́wọ̀ọ́rìn Ejò

Àwọn àgbà a máa wí pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nítorí bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn, ta ni akíkanjú náà tí yóò dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà oko? Ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán, òrìṣà ajẹ-iyán, níbi tí ó ti ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Àbíjàǹ, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni a ti sábà ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí wọ́n bá ń rọ àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀ pé kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan. Lónìí, mo fẹ́ dá òwe náà padà sọ́dọ̀ ejò tí ó ni ín, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ń kọ mí lóminú, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sin ejò olóró nínú ilé wọn, àti ìwé àṣẹ tí ó yẹ kí wọ́n gbà kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ wa pé kí ènìyàn ní ejò nílé. Ọdẹ a máa mú un bọ̀ láti inú igbó, oníṣègùn a máa tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí ń polówó oògùn lọ́jà a sì máa gbé e kọ́ ọrùn kí èrò lè pé lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n agbo ilé ni àwọn baba wa ń gbé. Olórí ilé mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò tí a dé sí ẹ̀yìnkùlé, aládùúgbò mọ ibi tí ọmọ òun kò gbọdọ̀ dé, ẹni tí ó mọ ewé tí a ń lò sí i kò sì jìnnà. Lónìí, tí ìlú ti fẹ̀, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní ọgbà kan lọ́dọ̀ wa, tí àwọn àlejò sì kún ilé àyágbé, ẹni tí ó wà ní yàrá kejì lè má mọ orúkọ wa, áḿbọ̀tórí ohun tí ó wà nínú àpótí wa. Ẹni tí ó bá ń sin sèbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni ó ń rìn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní 1969, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wọ ilé ìtajà Harrods ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ra ọmọ kìnnìún, wọ́n sì mú un lọ sílé láìsí òfin tí ó dí wọn lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí ó di 1976 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin lórí sísin ẹranko ẹhànnà tí ó léwu, tí sèbé, paramọ́lẹ̀ àti àwọn ẹbí wọn sì wà lára rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fúnni níwèé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko gbọdọ̀ kọ́kọ́ wá yẹ ilé wò, iléeṣẹ́ adójútòfò gbọdọ̀ gbà láti san owó ìpalára tí ẹranko náà bá ṣe fún ẹlòmíràn, ẹni tí ń tọrọ àṣẹ gbọdọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ibùgbé ejò kò sì gbọdọ̀ ní ihò tí yóò gbà sá. Ìwé náà kì í sì í lò ju ọdún 2 lọ kí a tó tún un gbà. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń béèrè ìrírí wákàtí 1,000 lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ sin ejò olóró. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: ẹni tí ó ni ejò, aládùúgbò rẹ̀, dókítà ẹranko àti ìjọba, gbogbo wọn ni ìwé kan ṣoṣo yìí so pọ̀ mọ́ ara wọn lójú ọ̀nà kan náà, bí ọká, paramọ́lẹ̀ àti òjòlá inú òwe wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù lọ́kàn mi ni ti oògùn. Oró ejò yàtọ̀ síra: ti paramọ́lẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara jẹ́, ti àwọn irú sèbé kan a sì máa rọ iṣan tí a fi ń mí. Àwọn tí ń ṣe oògùn apa-oró a máa fi oró díẹ̀díẹ̀ sínú ẹṣin tàbí àgùntàn títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi lágbára láti kojú rẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yọ oògùn. Ìdí nìyí tí oògùn ejò kan kì í fi í sábà ran ẹni tí ejò mìíràn bù jẹ lọ́wọ́. Oògùn apa-oró EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún Nàìjíríà, oró ejò mẹ́ta ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe é. Bí olówó kan bá wá ra sèbé ilẹ̀ Éṣíà wá sí Èjìgbò, tí ó sì bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo kò jìnnà, ṣùgbọ́n kí ni dókítà yóò fà yọ nínú ẹ̀rọ amóhuntutù níbẹ̀? Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Ìṣirò wọn sì ni pé ẹni 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, tí àgbẹ̀ àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ tí ejò bá bá láàrin ebè iṣu kò pè é. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé wọlé, ó yẹ kí a ti mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà kí ó tó wọlé.

Òfin tiwa kò sùn pátápátá. Nàìjíríà ti wọ inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tí ó lè run, láti 1974, a ṣe òfin tiwa ní 1985 lórí òwò àwọn ẹranko tí ó fẹ́ run, a sì dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007 kí ó máa mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lomé ní ilẹ̀ Tógò, tí àwọn ọkọ̀ Èjìgbò ń gbà kọjá lọ sí Àbíjàǹ, ibẹ̀ ni a ti ń kó àwọn òjòlá kékeré tí kò lóró lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọn kò sì gbọdọ̀ rékọjá ibodè láìní ìwé CITES. Ṣùgbọ́n òwò ibodè àti ìparun ẹranko ni òfin wọ̀nyí ń wò. Wọn kò bi ẹni tí ń sin paramọ́lẹ̀ sí ìyẹ̀wù léèrè ohun tí yóò ṣe bí ilẹ̀ bá ṣú tí àpótí sì ṣí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbà pé kí ẹranko mọ olówó rẹ̀ ti tó, kí ó rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí kìnnìún kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, pa òṣìṣẹ́ tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 9 ṣáájú. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni olóògbé náà, inú ọgbà ẹranko ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ṣe irú ìwé àṣẹ sísin ejò bẹ́ẹ̀ níbí, yóò di ohun tí a ó fi máa gba owó lọ́wọ́ oníṣègùn tí kò ṣẹ̀. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a óò máa ríran. Àfikún kẹrin ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ti fi àkóso sísin ẹran ilé, irú èyíkéyìí tí ó lè jẹ́, lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, nínú àkójọ kan náà tí ó ti ní kí wọ́n máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere àti bárò níwèé àṣẹ. Èjìgbò kò ní láti dúró de Àbújá. Kí owó ìwé náà kéré, kí a ka ọdún tí oníṣègùn tàbí ọdẹ ti fi bá ejò lò sí ẹ̀rí ìmọ̀ fún un, kí a kọ orúkọ ejò àti ti oògùn rẹ̀ sí i, kí ẹ̀dà kan sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀kan lọ́wọ́ baálé àdúgbò, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ọdẹ.